Ọdún mẹ́ta tí mo fi wa mọ́tò háídírójìn

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2022. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni, wákàtí méjìlá gbáko, aláìsàn márùn-ún lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà. Mo yà sí ilé gáàsì háídírójìn kan ní ìtòsí Long Beach níbí, ní Kalifọ́níà, èmi ni ẹnì kẹta lórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, mo ti ẹnu páìpù bọ ẹnu táńkì, mo fa ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi dún "kà!", mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, táńkì kún. Mo ní kí n yọ páìpù kúrò, ó kọ̀. Mo fà á, kò mira. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bíi ti inú fíríìsà, yìnyín funfun ti bò ó lẹ́nu.

Ọjọ́ náà kò tutù o. Gáàsì náà ló tutù. Nígbà tí wọ́n bá ń fún háídírójìn mọ́ táńkì kíákíá báyẹn, ooru máa ń mú un gan-an, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ mú un tutù dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo kó tó wọ páìpù. Ìrì inú afẹ́fẹ́ á wá dì mọ́ irin, irin á lẹ̀ mọ́ irin. Bàbá kan, ará Kòríà, tó wà lẹ́yìn mi sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Ó ní kí n má fà á mọ́, kí n má bàa ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo mú ìborùn àdìrẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta, mo wé e mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú. Ó tó ìṣẹ́jú méjìlá kó tó tú. Mọ́tò mẹ́rin ti tò sẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi, nítorí gbogbo wọn ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ló mú kí n kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń pariwo pé ayé mọ́tò oníbátìrì ti parí, pé háídírójìn ló ń bọ̀, pé omi lásán ni a ó máa rọ sínú táńkì láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àbúrò mi, ìwọ tó o ti lo méjèèjì, ṣé kí n dúró de èyí tó ń lo omi yìí ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn dáadáa, nítorí owó rẹ̀ ló fẹ́ ná, kò sì ní méjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ omi yẹn. Kò sẹ́ni tó ń rọ omi sínú mọ́tò háídírójìn. Gáàsì là ń rọ sí i, omi ló ń jáde. Háídírójìn tó bá ti pàdé ọ́síjìn, tó ti lo gbogbo agbára rẹ̀, òun ló di omi. Eérú háídírójìn ni omi. A kì í fi eérú dáná. Ẹni tó bá fẹ́ sọ eérú di igi padà, àfi kó lọ wá agbára mìíràn láti ibòmíràn, agbára yẹn á sì pọ̀ ju èyí tí igi náà máa fún un lọ. Bí ẹ bá ti mú ọ̀rọ̀ eérú yìí dání, gbogbo ìyókù ò ní ṣòro.

Mo ra mọ́tò náà lọ́dún 2021, titun, àwọ̀ búlúù, ìlú Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tó fà mí mọ́ra kò farasin. Wọ́n dín owó rẹ̀ kù gidigidi, wọ́n sì fún mi ní káàdì tí dọ́là 15,000 wà nínú rẹ̀, owó gáàsì lásán. Mo ṣe ìṣirò lórí ìwé. Nígbà náà, kílò kan jẹ́ bíi dọ́là 13, kílò kan sì ń gbé mọ́tò náà lọ bíi máìlì 60 lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni pé káàdì yẹn á gbé mi rin nǹkan bíi máìlì 69,000 kí n tó fi kọ́bọ̀ mi ra gáàsì. Ta ni irú rẹ̀ ò ní wọ̀ lójú?

Àmọ́ kì í ṣe owó nìkan. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń tọ́jú. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ 710, níbi tí tírélà ti ń kó ẹrù láti èbúté Long Beach àti ti Los Angeles tọ̀sán-tòru, tí èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá. Mo ti gbé ọ́síjìn sí imú àwọn tí kò mu sìgá rí láyé wọn. Mo fẹ́ wa mọ́tò tí kò ní fi kún un.

Ohun kan tún wà. Lóṣù Kìíní ọdún 2003, Ààrẹ George W. Bush dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ná bílíọ̀nù dọ́là kan àti mílíọ̀nù 200 lórí ìwádìí háídírójìn, kó lè jẹ́ pé mọ́tò àkọ́kọ́ tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà máa wà, háídírójìn ló máa gbé e. Lọ́dún 2003 yẹn gan-an ni mo bí ọmọ mi àgbà ní Abẹ́òkúta. Iná kò sí ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà, láńtánì ni nọ́ọ̀sì gbé lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, inú mọ́tò búlúù yìí lọmọ yẹn ti kọ́ mọ́tò wíwà, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo di bẹ́líìtì mú. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bush fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni wọ́n ń sọ nígbà yẹn."

Mọ́tò náà dára. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í pariwo, kì í gbọ̀n, kì í rùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì tó ń jó gáàsì ló wà nínú rẹ̀, bíi ti àwọn mọ́tò tí wọ́n yí sí gáàsì nílé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Háídírójìn ń ti táńkì bọ̀, ọ́síjìn ń ti afẹ́fẹ́ ìta bọ̀, wọ́n pàdé nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní fuel cell, iná mànàmáná jáde, iná yẹn ló ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ rí i pé mọ́tò oníná náà lòun náà. Bátìrì tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, kékeré ni. Ìyàtọ̀ àárín òun àti èyí tí à ń pè ní mọ́tò oníná ni pé ìkejì ń gba iná láti ilé, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú bátìrì ńlá. Èyí ń gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kiri.

Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárín rẹ̀, wọ́n kọ H2O sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò á da omi tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi kékeré a máa dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gáréèjì, á gbé kọ́ọ̀pù síbẹ̀, omi á máa ro sínú rẹ̀, ó mọ́ roro, kò ní òórùn kankan. Háídírójìn kílò kan ń di omi kílò mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ tọ́ ọ wò, mo gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù díẹ̀ ni agbára tí gáàsì náà fi wà nínú táńkì. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, sìlíńdà ọ́síjìn kékeré tí a fi ń gbé aláìsàn lọ ya fọ́tò àyà, bó bá kún, ojú aago rẹ̀ máa ń dúró sí nǹkan bíi psi 2,000 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń ti ara sìlíńdà). Wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ fi í ṣeré, torí sìlíńdà tó bá ṣubú tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ lè fò bí ọta ìbọn. Táńkì mọ́tò mi, psi 10,000 ni. Ìlọ́po márùn-ún. Táńkì náà lágbára, okùn carbon ni wọ́n fi wé e, mi ò gbọ́ kí ọ̀kankan bẹ́ rí nídìí mọ́tò tí mo ń wà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí gbogbo agbára yẹn rí kó jọ: kílò márùn-ún àti díẹ̀, 5.6. Ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Háídírójìn fúyẹ́ ju gbogbo ohun tó wà láyé lọ, bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, kò níí gba inú mọ́tò. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ báyẹn, òun náà ń jẹ iná, ó sì ń bàjẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ yẹn gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Áàpù kan wà lórí fóònù tó ń sọ ilé gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nígbà náà bí mo bá jí nìyẹn, kí n tó wo ìsọfúnni láti ilé. Àwọ̀ ewé, ó ń ṣiṣẹ́. Pupa, kò ṣiṣẹ́. Mo lè wà lójú ọ̀nà kí ti ewé di pupa mọ́ mi lójú. Bí ó bá wà ní pupa nítòsí mi, mo máa wa máìlì 15 lọ síbòmíràn, mo máa bá ìlà níbẹ̀ nítorí gbogbo wa la jọ sá wá síbẹ̀. Bí mọ́tò mẹ́ta bá ti rọ tẹ̀ léra wọn, ẹ̀rọ á ní kí a dúró kí òun tún agbára kó jọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ń polówó, òótọ́ ni. Wọn ò ka ìlà mọ́ ọn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Kalifọ́níà nìkan ni wọ́n kó ilé gáàsì háídírójìn tí ará ìlú lè lò sí ní gbogbo Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi àádọ́ta lọ. Gómìnà Arnold Schwarzenegger ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé lọ́dún 2004 pé kí wọ́n la ọ̀nà háídírójìn ká ìpínlẹ̀ yìí. Gómìnà Jerry Brown tún kọ tirẹ̀ lọ́dún 2018, ó ní kó di 200 nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2025. Ọdún 2025 dé, kò tó ìdajì rẹ̀. Lóṣù Kejì ọdún 2024, Shell kéde pé àwọn ti ti gbogbo ilé gáàsì háídírójìn méje tí àwọn ní fún mọ́tò kéékèèké ní ìpínlẹ̀ yìí pa. Ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yẹn, mo wà ní yàrá oúnjẹ àwọn nọ́ọ̀sì, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Kì í ṣe pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rà á. Ohun tí mo ń rò ni pé bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá kó kúrò, kí ló kù fún èmi tó jẹ́ pé mọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní?

Ẹ má gbàgbé pé mi ò lè rọ ọ́ níbòmíràn. Mọ́tò epo, bí epo bá wọ́n ní Mokola, ẹ lè rí i ní Mọ́níyà, bó burú burú ẹ ra ti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Háídírójìn kò ní kẹ́ẹ̀gì. Nígbà kan tí wọ́n sọmọ lórúkọ fún ọmọ ìyá mi kan ní Sacramento, ó tó 400 máìlì sí ọ̀dọ̀ wa. Ilé gáàsì kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ̀nà márosẹ̀ I-5 tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo dáná jọ̀lọ́ọ̀fù títí di aago mẹ́ta òru, mo dì í sínú kúlà, mo ṣí áàpù: pupa. Mo dúró di aago márùn-ún, pupa. Inú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan ni mo bá wọn lọ, tèmi kúnjú táńkì ní gáréèjì, kò wúlò.

Lẹ́yìn náà ni owó gáàsì gòkè. Dọ́là 13 di 16, ó kọjá 20, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2023 dọ́là 36 ni wọ́n ń gba kílò kan lọ́wọ́ mi. Kí táńkì kún, ó lé ní dọ́là 200. Káàdì tí mo rò pé ó máa gbé mi rin máìlì 69,000, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ní iye yẹn, bíi máìlì 25,000 ló máa gbé mi. Mo rí i bó ṣe ń jó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tó súnmọ́ jù, mo ń kó ìrìn mẹ́ta pọ̀ sí ọ̀kan, mo ní kí ọmọ mi máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-ìwé.

Kí ló fa ọ̀wọ́n yìí? Mo jókòó kà á, nítorí ó dùn mí. Ó ní tirẹ̀ tó jẹ́ ti ọjà: èèyàn tó ń rà á kò pọ̀. Mọ́tò háídírójìn tí wọ́n ti tà ní gbogbo Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá kò pé 20,000, nígbà tí àwọn mọ́tò tí à ń kì bọ iná ní Kalifọ́níà nìkan ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ilé gáàsì kan tí wọ́n fi mílíọ̀nù dọ́là kọ́, tí mọ́tò díẹ̀ ń wá síbẹ̀ lójúmọ́, orí àwọn díẹ̀ yẹn ni owó rẹ̀ máa bọ́ sí.

Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ eérú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó fi iná fa háídírójìn kílò kan jáde láti inú omi, iná tó máa lọ sí i tó 50 sí 55 kílówáàtì-wákàtí, ìwọ̀n tí mítà fi ń ka iná. A ò tíì fún un mọ́ táńkì o, a ò tíì mú un tutù, a ò tíì fi tírélà gbé e. Kílò yẹn gbé mọ́tò mi lọ máìlì 60. Mọ́tò oníbátìrì tí mo ń wà lónìí, bí mo bá rọ 55 kan náà sí i, á gbé mi lọ bíi máìlì 180. Iná kan náà, ìlọ́po mẹ́ta ìrìn.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ní náírà lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ra iṣu ní Bódìjà, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kí ẹ ṣẹ́ dọ́là sí pọ́n-ùn, kí ẹ tún wá ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà kí ẹ tó lọ síwájú oníṣu? Gbogbo ẹni tó bá bá yín ṣẹ́ ẹ ló máa yọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ oníṣu, owó iṣu mẹ́ta ti di owó ọ̀kan. Bí iná ṣe ń di háídírójìn tí háídírójìn tún ń di iná padà nínú mọ́tò nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i tí ẹni tó ń ṣẹ́ owó ò ní yọ tirẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ háídírójìn tí wọ́n ń ṣe láyé, inú omi kọ́ ni wọ́n ti ń fà á. Inú gáàsì ilẹ̀ ni, irú gáàsì tó ń jó ní Niger Delta. Kílò kan tí wọ́n bá ṣe báyẹn, èéfín carbon bíi kílò 9 sí 10 ló ń bá a jáde. Ẹnu páìpù mọ́tò mi ń kán omi, èéfín ń jáde níbòmíràn, lẹ́bàá ilé ẹlòmíràn. Ó dára fún àwọn aláìsàn mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ 710, mi ò sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo rò pé mo rà nìyẹn.

Mo ta mọ́tò náà lọ́dún 2024. Tà bí a bá lè pè é ní tà. Ẹni mẹ́ta wá wò ó, ẹni mẹ́ta béèrè ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, ẹni mẹ́ta lọ. Iye tí ẹni tó rà á nígbẹ̀yìn san kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí mo rà á, báǹkì sì ń retí mi. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi títí di oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti inú fídíò.

Mọ́tò tí mo ń wà báyìí, oníbátìrì ni, àlòkù, lọ́wọ́ obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé wa, mo fa wáyà tó bá a wá, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tí a fi ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ ní gáréèjì. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Mo dúró wò ó. Mi ò tẹ áàpù kankan, mi ò tò sórí ìlà, kò sẹ́ni tó bi mí pé mélòó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà lára ògiri láti ọjọ́ tí a ti kó dé ilé náà.

Ó lọ́ra o. Wákàtí kan, bíi máìlì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, mo ń sùn lọ́sàn-án, mọ́tò náà ń sùn pẹ̀lú mi. Ibi iṣẹ́ mi kò ju máìlì 20 lọ. Nígbà tó yá, mo pe oníná, ó bá mi fa wáyà fólítì 240, ó wá yára. Mo fi sẹ́ńtì 30 ṣírò kílówáàtì-wákàtí kan: ìrìn máìlì 60 tí háídírójìn ń gba dọ́là 36 lọ́wọ́ mi, kò pé dọ́là mẹ́fà mọ́.

Kò wá sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ó wúwo, ó ń jẹ táyà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní fúláàtì, tí wọ́n ń páàkì sójú títì, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa kì í bọ̀, ojú ọjà ni wọ́n ti ń ra iná, ó sì wọ́n níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí, nítorí àwọn ni wọ́n ṣaláìní jù, àwọn ló sì ń sanwó jù. Mo wà á lọ sí Sacramento lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró gba ṣáàjì, ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀kan, 25 lẹ́ẹ̀kejì. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà níbi tí a dúró sí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ jìnnà lójoojúmọ́, ìdúró yẹn á sú u.

Honda náà mọ ìṣòro háídírójìn yìí. Mọ́tò háídírójìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, CR-V tí wọ́n tò ní Ohio, wọ́n fi ẹnu wáyà sí i lára, kí ẹni tó ni ín lè kì í bọ iná nílé kó fi rìn bíi máìlì 29 láìfọwọ́ kan gáàsì. Nígbà tí mo rí ẹnu wáyà yẹn, mo ní tèmi ti parí.

Mi ò sọ pé kí wọ́n da háídírójìn nù. Wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀, wọ́n lè fi yọ irin jáde lára òkúta, bóyá ọkọ̀ òkun ńlá á lò ó lọ́jọ́ kan. Lórí 710 níbí, Toyota àti Kenworth tó ń ṣe tírélà ti dán tírélà háídírójìn mẹ́wàá wò láti èbúté, mo sì fẹ́ràn láti rí ohunkóhun tó bá lè mú dísẹ́ẹ̀lì kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn aláìsàn mi. Tírélà ní ibùdó kan tó ń padà sí lálẹ́, ilé gáàsì kan ṣoṣo lè bọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ti èmi tí mò ń gbé ọmọ lọ ilé-ìwé yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró de nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ti rí i lórí gáàsì CNG nílé. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ sọ fún mi pé aládùúgbò yín ní Akóbọ̀ yí Corolla rẹ̀ sí gáàsì, owó rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń sùn lórí ìlà. Gáàsì yẹn, psi bíi 3,000 ni wọ́n fi ń fún un mọ́ sìlíńdà, Nàìjíríà sì kún fún un nínú ilẹ̀, síbẹ̀ ìlà gùn. Háídírójìn, 10,000 ni, ta ló máa kọ́ ilé rẹ̀ sí Akóbọ̀?

Iná ìjọba kì í ṣe ohun tí mo máa fi tàn yín. Mo mọ bó ṣe ń ṣe. Àmọ́ ẹ ní sólà lórí òrùlé, ẹ ní ínfátà, bátìrì lithium ni ẹ fi rọ́pò àwọn olómi àtijọ́ yẹn, ẹ sì sọ fún mi fúnra yín pé ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n mú iná lọ mọ́. Bátìrì kan náà ló wà nínú mọ́tò yìí, ó kàn tóbi ni. Pánẹ́ẹ̀lì tó bá lè mú kílówáàtì márùn-ún wá, lọ́jọ́ tí oòrùn Ìbàdàn bá mú dáadáa, á fún yín ní bíi 20 kílówáàtì-wákàtí. Mọ́tò kékeré á fi rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí ó tó tán. Akóbọ̀ sí Dùgbẹ̀ ni ẹ ń lọ.

Mo fi ohùn sọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kí n tó wá kọ ọ́ síbí. Kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ Sunday, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, mo bá fọ́tò kan lórí fóònù mi. Òrùlé bọ́ìsì kọ́tà rẹ̀ ni, wọ́n ti gba ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀, téèpù ìwọ̀n sì nà gbalaja láti etí kan dé ìkejì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Mẹ́fà máa gbà. Bí mo bá gé ẹ̀ka máńgòrò, ó lè gba mẹ́jọ."